Ìbínú Ẹni Tó Pàdánù Ìbò

Verena Zopfi kọ ọ́ sínú ètò géèmù kan pé bí ará ìlú bá pàdánù ìbò, kí ìbínú rẹ̀ padà sí òdo ní ọjọ́ kejì. Ó kọ ọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejìlá oṣù kejì, kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìlà kan péré ni. Ó ti kọ ìlà ẹgbẹ̀rún mẹ́rin fún ìlànà ìdìbò tààrà ṣáájú ọjọ́ náà, ó sì ti fi àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ohun tí ẹlòmíràn lè béèrè ìdí rẹ̀. Kò fi àlàyé kankan sí ẹ̀gbẹ́ èyí.

Ẹni mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe géèmù náà, ní Ennenda, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ olókè Glarus, ní òkè ilé kan níbi tí wọ́n ti ń tẹ àwòrán sára aṣọ nígbà kan rí. Jost Kubli ni ó ni iṣẹ́. Silvan Figi ni ó ń ya àwòrán. Verena, tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń pè ní Vreni, ni ó ń kọ ètò. Ẹgbẹ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n ti jáde.

Orúkọ géèmù náà ni Ilẹ̀ Òkè. Ẹni tí ó bá ń gbá a ni alákòóso orílẹ̀-èdè kékeré kan. Òun ni yóò ṣe òfin, òun ni yóò la ọ̀nà, òun ni yóò bá aládùúgbò jà tàbí kí ó bá a ṣòwò. Ó lè yan irú ìjọba tí ó wù ú: ti ọba, ti ìgbìmọ̀ aṣòfin, tàbí ti ológun. Verena ni ó dábàá pé kí wọ́n fi ìkẹrin kún un, níbi tí àwọn ará ìlú yóò ti máa pinnu òfin kọ̀ọ̀kan fúnra wọn. Ohun kan ṣoṣo ni ó ta kú lé lórí: kí ẹnikẹ́ni má lè fagi lé ohun tí àwọn ará ìlú bá ti pinnu, títí kan ẹni tí ó ń gbá géèmù.

Ìyẹn kò dùn mọ́ Jost nínú.

“Ṣé o mọ̀ pé torí kó lè jọba lẹni tó ra géèmù yìí ṣe rà á?” ó bi í. “Ìwọ wá fẹ́ kó jókòó kó máa wo ọwọ́ àwọn èèyàn.”

“Ó lè bá wọn sọ̀rọ̀. Ó lè dábàá.”

“Bí èmi náà ṣe ń dábàá nílé mi nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń dá mi lóhùn.”

“Ìdìbò tààrà nìyàwó ẹ ń ṣe.”

“Ìyàwó mi kì í dìbò. Ó máa ń kéde ni.”

Síbẹ̀, ó gbà. Ó fún un títí di ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé àpéjọ oṣù karùn-ún, níbi tí àwọn ará ìpínlẹ̀ Glarus ti máa ń na ọwọ́ dìbò òfin lọ́dọọdún. Bí ìlànà náà bá dára nígbà náà, yóò wà nínú géèmù bí Verena ṣe kọ ọ́. Bí kò bá dára, wọn yóò yí i padà tàbí kí wọ́n yọ ọ́.

Verena kọ ìlànà náà bí ó ṣe mọ̀ ọ́n láti kékeré. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àwọn ará ìlú inú géèmù yóò péjọ sí pápá kan, wọn yóò sì dúró ní agbo. Ẹnikẹ́ni lè bọ́ síwájú kí ó sọ̀rọ̀. Ó lè ní kí wọ́n gba òfin náà, kí wọ́n kọ̀ ọ́, tàbí kí wọ́n tún un ṣe. Lẹ́yìn náà wọn yóò na ọwọ́ sókè. Olórí àpéjọ yóò wo ọwọ́ àwọn tí ó fẹ́, yóò wo ti àwọn tí kò fẹ́, yóò sì sọ èyí tí ó pọ̀ jù. Kò ní ka ọwọ́. Bí kò bá dá a lójú, yóò ní kí wọ́n tún un nà. Bí kò bá sì dá a lójú síbẹ̀, yóò pe mẹ́rin nínú àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ kí wọ́n bá a wò ó. Ohun tí ó bá sọ lẹ́yìn èyí ni abẹ gé. Silvan ya agbo náà dáadáa, ó sì fi àwọn ọmọdé jókòó sí àárín rẹ̀ bí ó ti yẹ.

Igba ènìyàn ní ilẹ̀ òkèèrè ni ó ń bá wọn dán géèmù náà wò kí wọ́n tó tà á. Ní oṣù kẹta, mẹ́tàlélọ́gọ́ta nínú wọn kọ̀wé pé àwọn kò rí iye ìbò. Silvan ń ka ìwé wọn sókè nígbà tí wọ́n ń jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì lọ́sàn-án.

“Eléyìí tó wà ní Lisbon ní géèmù ti bàjẹ́, pé òun ò rí iye.”

“Kọ̀wé sí i pé kò bàjẹ́,” Verena wí. “Wọn kì í kà á.”

“Mo ti kọ ọ́. Ó ní báwo wá ni olórí ṣe mọ̀.”

“Ó wò ó.”

“Mo kọ ìyẹn náà. Ó ní ṣé Ọlọ́run ni olórí ọ̀hún ni.”

“Sọ fún un pé rárá o, ará Näfels nítòsí ibí ni.”

Jost rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ iye ìbò parí síbẹ̀. Àwọn tí ń dán géèmù wò mú un mọ́ra, àwọn mìíràn tilẹ̀ ní ó dùn mọ́ àwọn.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ni ìwé Branka dé. Branka jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Novi Sad. Òun ni ó máa ń gbá géèmù náà jù nínú gbogbo wọn, òun ni ó sì máa ń kọ̀wé tí ó gùn jù. Ó sọ pé orílẹ̀-èdè òun ní àfonífojì méjì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ará ìlú, méjìléláàádọ́ta wà lókè, méjìdínláàádọ́ta wà nísàlẹ̀. Ní ọdún kìíní, ó gbé e síwájú àpéjọ pé kí wọ́n darí omi ìsàlẹ̀ sí òkè. Àwọn ará òkè na ọwọ́, ó sì wọlé. Ní ọdún kejì ó gbé ọ̀rọ̀ pápá ìjẹko wọn wá, ní ọdún kẹta ó gbé ti ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ọdún mẹ́sàn-án, ìbò mẹ́sàn-án. Kò sí ohun tí ó kù fún àwọn ará ìsàlẹ̀. Síbẹ̀, lọ́dọọdún wọ́n ń wá sí pápá, wọ́n ń na ọwọ́ wọn, wọ́n ń pàdánù, wọ́n sì ń lọ sílé ní ìdákẹ́jẹ́. Ìlú kò dàrú lọ́jọ́ kan.

Ìparí ìwé náà lọ báyìí: “Mo ti fi ọba gbá a, mo ti fi ológun gbá a. Fún ẹni tó bá fẹ́ hùwà ìkà, kò sí èyí tó rọrùn tó èyí.”

Jost tẹ ìwé náà, ó gbé e sórí tábìlì Verena, ó sì padà sí ìjókòó rẹ̀. Verena kà á tán, ó pe Branka lórí fóònù.

“Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Mo rí ìwé yín.”

“O ṣeun, ọmọ mi. Ta ló sọ fún ẹ pé ẹni tó bá pàdánù máa ń dákẹ́?”

“Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Bó ṣe rí nìyẹn.”

“Níbo ló ti rí bẹ́ẹ̀?”

“Níbí.”

“Tí wọ́n bá pàdánù níbẹ̀, kí ni wọ́n máa ń ṣe?”

“Wọ́n á lọ jẹun.”

“Kí ni wọ́n máa ń jẹ?”

“Sọ́séèjì. Sọ́séèjì ẹran ọmọ màlúù.”

“Á dùn gan-an ni,” Branka wí. “Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pàdánù ìbò alága ẹgbẹ́ olóyin lọ́dún kan. Kò kí ẹni tó wọlé títí wọ́n fi sin òun fúnra ẹ̀.”

“Torí oyin?”

“Kì í ṣe torí oyin. Torí ó pàdánù.”

Nígbà tí Verena gbé fóònù sílẹ̀, Jost yí àga rẹ̀ padà.

“Bọ́tìnnì kan,” ó wí. “Bọ́tìnnì kan ṣoṣo, pupa, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Fagi Lé E. Tí alákòóso bá rí i pé àwọn èèyàn ẹ̀ ti ya wèrè, á tẹ̀ ẹ́.”

“Ọba tó ń béèrè ìmọ̀ràn nìyẹn. A ti ní ọba.”

“Ó dáa, jẹ́ kínú máa bí wọn nígbà náà. Jẹ́ kí wọ́n jó nǹkan díẹ̀.”

Verena gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó gbé ìbínú ẹni tí ó pàdánù sí márùn-ún, sí mẹ́wàá, sí ogún, sí ogójì. Bí ó bá wà lábẹ́ méjìlá, kò sí ohun tí ó yí padà. Bí ó bá ju méjìlá lọ, ìlú a máa jóná láàárín ọdún mẹ́fà, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ afárá tàbí ti owó orí ni wọ́n dìbò lé lórí. Ó tún gbìyànjú láti to àwọn ohun tí ìbò kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn sọ́tọ̀. Branka rí ọ̀nà gba ẹ̀yìn rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin, nípa gbígbé ọ̀rọ̀ kéékèèké wá sí àpéjọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Verena dá òdo padà sí àyè rẹ̀.

“Tẹ́ni tó pàdánù ò bá gbà, kò sí agbo,” ó wí fún Jost. “Orí ìyẹn ni gbogbo ẹ̀ dúró lé.”

“Mo gbọ́. Kó gbà lẹ́ẹ̀kan, ó dáa. Kó gbà lẹ́ẹ̀mẹsàn-án?”

Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí ọjọ́ tí Jost dá pé.

Verena ní ìdí tí òdo fi dá a lójú, bí kò tilẹ̀ tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kọkànlá, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n gbé e wá sí ìpàdé àgbègbè pé kí ọkọ̀ tí ń kó yìnyín má ṣe gun ọ̀nà Hinterruns mọ́ ní ìgbà òtútù. Ilé mẹ́rin ni ó wà ní Hinterruns, méjì nínú wọn kò sì ní olùgbé. Baba Verena, Melchior Zopfi, ń gbé ọ̀kan. Ó sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, ó sì jókòó. Verena gbọ́ tirẹ̀, ó gbọ́ ti àwọn tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà wá, ó rí i pé ìṣirò owó wọn tọ̀nà, ó sì na ọwọ́ sókè fún àbá náà. Baba rẹ̀ jókòó ní ìlà mẹ́ta síwájú. Ó bojú wẹ̀yìn láti wo bí ọwọ́ ti pọ̀ tó, ó rí ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

Àwọn méjèèjì jọ jẹun lẹ́yìn ìpàdé. Melchior béèrè ọbẹ̀ kún ọbẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ ni ó fi ń sọ̀ kalẹ̀ fún wákàtí kan láti oṣù kejìlá títí di oṣù kẹta, kò sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà rí. Bí Verena bá lọ kí i, ó máa ń di wàràkàṣì fún un lọ sílé. Verena gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti tán ní ọjọ́ kejì ìpàdé.

Ní ọjọ́ Àìkú àpéjọ, ó wa ọkọ̀ gun òkè lọ sí Hinterruns ní agogo méje àárọ̀. Ó fẹ́ bi baba rẹ̀ bí ó ti rí lára rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó lè rí nǹkan sọ fún Jost ní ọjọ́ Ajé. Ó tún fẹ́ gbé e lọ sí Glarus. Ó bá a nídìí ọgbà ẹran, nínú aṣọ iṣẹ́, ó ń yọ òpó tí ó ti jẹrà.

“Bàbá, ẹ ò tíì múra.”

“Mo ti múra. Ọgbà ni mo fẹ́ tún ṣe.”

“Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni àpéjọ máa bẹ̀rẹ̀.”

“Kí ni kí n wá ṣe sí i? Ìgbà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.”

“Ẹ ò ní lọ ni?”

“Mi ò lọ léṣìí. Mi ò lọ lọ́dún tó ṣáájú èṣí. Di orí òpó yẹn mú.”

Verena dì í mú. Àárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó máa ń dúró sí nínú agbo. Ó máa ń rò pé baba òun wà ní òdì kejì, níbi tí àwọn ará Hinterruns ti máa ń dúró. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó máa ń wà níbẹ̀. Kò wá a rí.

“Mo rò pé ẹ̀ ń dúró pẹ̀lú àwọn ará ibí ni.”

“Àwọn ará ibí wo? Èmi àti Elsbeth la kù. Orúnkún Elsbeth ò gba ìdúró mọ́. Tó bá dúró, gbogbo ayé ló máa gbọ́.”

“Ṣé torí ọ̀nà ni?”

Melchior gbá òpó náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wò ó bóyá ó dúró gbọọrọ, ó sì tún gbá a.

“Ṣé inú ń bí yín sí mi ni, Bàbá?”

“Sí ọ kẹ̀? Rárá. Inú bí mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò ní purọ́. Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, ó ti lọ. Ìṣirò wọn tọ̀nà. Mo jókòó nílé, mo ṣe é fúnra mi, nǹkan tí wọ́n rí lèmi náà rí.”

“Kí ló wá dé tẹ́ ò lọ mọ́?”

“Kò sí nǹkan tó dé. Àpò ìwé yẹn dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, káàdì ìdìbò wà nínú ẹ̀. Mo ní kí n ya á, mo wá ronú pé bí mo lọ, bí mi ò lọ, ọ̀nà mi á wà bó ṣe wà. Mo gbé e sílẹ̀. Ó rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ. Gbé òpó kejì wá, Vreni.”

Wọ́n ṣe òpó mẹ́fà. Verena kò dé àpéjọ, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ó ti tó ìdìbò ṣe. Nígbà tí ó wọlé lọ mu omi, ó rí àpò ìwé ti ọdún náà lórí fèrèsé ilé ìdáná. Wọn kò tíì ya á.

Ó dé Ennenda ní agogo kan ọ̀sán, ó sì ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kò fọwọ́ kan òdo. Ó kọ ohun mìíràn sí abẹ́ rẹ̀: pé ará ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n bí ó ti ṣeé ṣe tó pé kí ó wá sí pápá. Bí ìbò bá gba ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀, ìwọ̀n náà yóò dín kù díẹ̀. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, yóò dín kù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọn tí ó borí bá fi nǹkan rọ́pò ohun tí wọ́n gbà, ìwọ̀n náà yóò gòkè padà. Ẹni tí kò bá wá sí pápá kò ní jó ilé. Kò ní gbé àdá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe ènìyàn láti tún ògiri tí ń dí odò ṣe, tàbí láti pa iná igbó, òun náà kò ní lọ. Ó fi àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ó fi ìbò mẹ́sàn-án Branka dán an wò ní ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún karùn-ún, kò sí ará ìsàlẹ̀ kankan lórí pápá. Ní ọdún keje, àwọn ará òkè tí wọ́n ti pàdánù ohun kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sílé pẹ̀lú. Ní ọdún kẹsàn-án, ènìyàn mọ́kàndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń pinnu fún gbogbo ìlú. Ní ọdún kọkànlá, odò kún, wọ́n pe ènìyàn sí ògiri, àwọn tí ó wá kò tó. Ìlú rì ní ìgbà mọ́kànléláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹni tí ó dìtẹ̀ nínú ẹyọ ọ̀kan. Níbi tí alákòóso bá ti ṣe ìtọ́jú àwọn tí ó pàdánù, pápá kún títí dé òpin.

Verena fi í ránṣẹ́ sí àwọn tí ń dán géèmù wò, ó sì lọ sílé ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, Branka kọ̀wé ìlà mẹ́ta, èyí tí kò ṣe rí. “Mo pàdánù. Ó gbà mí ní wákàtí mẹ́ta kí n tó mọ ibi tí mo ti ṣẹ̀. Má ṣe yí i padà.” Ṣùgbọ́n ènìyàn mọ́kànlélógójì ni ó gbá a kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú wọn sì fi í sílẹ̀ láìparí. Jost ka ìwé wọn fún àwọn méjì yòókù. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: kò sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀, pápá ń ṣófo sí i lọ́dọọdún, kò sí ẹni tí ó sọ fún àwọn pé àwọn ṣẹ̀, omi sì gbé àwọn lọ.

“Iṣẹ́ dáadáa ni,” Jost wí. “Mi ò ní sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ èèyàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, Vreni.”

“Wọ́n kàn ń fi ìbò gba tọwọ́ ẹlòmíì ni. Kí wọ́n yéé gbà á.”

“Torí kí wọ́n lè gbà á ni wọ́n ṣe ń gbá géèmù.”

“Ẹni tó bá fẹ́ ìyẹn, kó lọ yan ológun.”

“Ó máa yan ológun. Á sì sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé ìdìbò tààrà ò dùn. Jẹ́ ká fi bọ́tìnnì sí i. Gbogbo èyí tó o kọ, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Bọ́tìnnì nìkan ni.”

Bó tilẹ̀ jẹ́ pé Jost ni ó ni iṣẹ́ náà, ọwọ́ nínà ni wọ́n fi ń parí ohun tí wọ́n bá jiyàn lé lórí. Wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà; ẹni mẹ́ta kò lè ta ọ̀mì. Jost gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀: kí ìlànà náà wà, kí alákòóso sì ní bọ́tìnnì tí yóò fi máa fagi lé ìpinnu. Verena gbé tirẹ̀ kalẹ̀: kí ó wà bí ó ti wà.

“Ṣé mo lè tún àbá Jost ṣe?” Silvan béèrè. “Kí bọ́tìnnì yẹn máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún.”

“Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo làwọn náà ń pàdé lọ́dún,” Verena wí.

Silvan rò ó. “Òótọ́ ni. Mo ti gbé e kúrò.”

“Ọlọ́gbọ́n èèyàn,” Jost wí. “Òun la ní kó máa ya àwòrán. Ó dáa. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́tìnnì, kó nawọ́.”

Ó na ọwọ́ tirẹ̀. Silvan wo orí tábìlì, ó wo àwòrán agbo tí ó ti yà, ó sì na ọwọ́ pẹ̀lú. Kò wo Verena.

“Ṣé kí n wò ó lẹ́ẹ̀kejì?” Jost béèrè.

“Ó hàn,” Verena wí.

Ó fi ọjọ́ méjì kọ bọ́tìnnì náà. Ó dán an wò ní igba ìgbà, kò sì rí àbùkù kankan nínú rẹ̀. Silvan fi àwọ̀ pupa kùn ún. Ní ọjọ́ kẹta Jost mú kọfí wá fún un nídìí tábìlì.

“Ṣé inú ń bí ẹ ni?”

“Rárá.”

Òótọ́ ni ó sọ. Wọ́n jọ mu kọfí náà, wọ́n sì sọ̀rọ̀ nípa òrùlé tí ń jò.

Wọ́n gbé Ilẹ̀ Òkè jáde fún títà ní oṣù kẹsàn-án. Ó tà ju bí wọ́n ti retí lọ. Ìwé ìròyìn méjì yin ìlànà ìdìbò tààrà, ọ̀kan nínú wọn sì dárúkọ bọ́tìnnì pupa ní pàtó. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó bá yan ìlànà náà, mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni ó ń tẹ bọ́tìnnì kí ọdún kẹta inú géèmù tó pé. Branka kò gbá a mọ́. Ó kọ ìwé kan sí Verena láti sọ fún un pé òun ti padà sídìí oyin tí òun ń sìn.

Jost ní kí Verena wá fọwọ́ sí ìwé pé iṣẹ́ rẹ̀ ti di ti títí lọ. Ìwé náà wà lórí tábìlì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí ni Verena sọ fún un pé òun ti rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wọn gíga omi odò ní Linthal, àti pé òun yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní.

“Ṣé torí bọ́tìnnì ni?” Jost béèrè.

“Kì í ṣe torí nǹkan kan.”

“Tó bá jẹ́ torí bọ́tìnnì ni, sọ ọ́. A lè tún un dìbò.”

“Ẹ̀yin méjèèjì á tún nawọ́ ni. Ẹ ò sì jẹ̀bi.”

Ó fi oṣù kejìlá kọ́ Silvan bí wọ́n ti ń tún ètò náà ṣe bí ó bá yọnu. Ó kó ìwé àti ife rẹ̀, ó bọ àwọn méjèèjì lọ́wọ́, ó sì lọ.

Ní òpin oṣù kìíní, Jost àti Silvan jókòó láti pinnu géèmù tí wọn yóò ṣe tẹ̀lé e. Jost fẹ́ ti ọkọ̀ ogun ojú omi. Silvan fẹ́ ti ọkọ̀ ojú irin. Ọwọ́ kan gòkè fún ọkọ̀ ogun, ọwọ́ kan gòkè fún ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n tún àbá méjèèjì ṣe, wọ́n sì tún un dìbò ní oṣù kejì àti ní oṣù kẹta, bákan náà ni ó rí. Wọ́n kọ̀wé sí Verena pé kí ó wá bá wọn jókòó ní ọ̀sán kan péré, kí wọ́n lè pé mẹ́ta. Ó dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ náà. Oṣù kẹrin ti parí báyìí, wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ géèmù kankan.